Ìfura loògùn àgbà: bí a ṣe ń fi ẹńdóskópì dá lìmfómà àpòlúkù mọ̀

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì yàrá ẹńdóskópì, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé ìṣègùn, àti ẹ̀yin ará ìlú tí ẹ fi ọjà àti oko sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Mo rí i pé àwọn kan nínú yín gbé ìwé èsì àyẹ̀wò dání. Ẹ fi pamọ́ ná, a máa kàn án.

Lìmfómà inú àpòlúkù, irú jẹjẹrẹ kan, ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí, àti bí ẹ̀rọ tí a ń tì gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé ṣe lè tú u fó. Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ibi tí mò ń lọ, kí ẹni tí oorun bá ń kùn lè sùn láìjẹ̀bi. Ojú nìkan kò lè sọ pé lìmfómà ni. Iṣẹ́ ojú ni kí ó fura. Ẹran tí a bá gé ló máa sọ ohun tó jẹ́. Bí ojú kò bá fura, ọwọ́ kò ní gé. Bí ọwọ́ bá sì gé díẹ̀, a lè gé e títí kí a má rí nǹkan kan.

Ta ni àlejò yìí?

Tí ará ìlú bá gbọ́ "jẹjẹrẹ àpòlúkù", ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń rò. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Nínú 100 jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti inú àpòlúkù, ó lé ní 90 tó jẹ́ adenocarcinoma, èyí tó ń hù láti ara awọ tó tẹ́ inú àpòlúkù gan-an. Lìmfómà kò ju nǹkan bíi 3 sí 5 lọ. Òun kì í ṣe ọmọ awọ. Inú sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó máa jagun fún ara ló ti ń wá.

Kí ló wá dé tí a fi ń yọ ara wa lẹ́nu lórí mẹ́ta sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún? Nítorí pé ìtọ́jú wọn kò jọra rárá. Adenocarcinoma, iṣẹ́ abẹ ni ìrètí rẹ̀ tí a bá tètè bá a. Lìmfómà, oògùn ló ń wo ọ̀pọ̀ rẹ̀, àpòlúkù aláìsàn á sì wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Ẹni tí a bá ṣi èyí mú fún tọ̀hún lè pàdánù àpòlúkù rẹ̀ lásán.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni èyí tí à ń pè ní MALT: kì í kánjú, ó lè wà níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́ kó máa fi ara rẹ̀ pe ọgbẹ́ inú lásán. Èkejì, tí orúkọ rẹ̀ gùn díẹ̀, tí a máa ń gé sí DLBCL: sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tóbi, ó ń sáré, ó ń sọ di ọgbẹ́ ńlá tàbí kókó. MALT náà lè yí padà di DLBCL. Àwọn méjèèjì sì lè wà nínú àpòlúkù kan náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i tí a bá dé orí gígé ẹran.

Kòkòrò tó gba àwọn ọmọ ogun wọlé

Ẹ gbọ́ ohun ìyanu kan. Àpòlúkù tí ara rẹ̀ dá kò ní àgọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ ogun yìí nínú. Báwo wá ni jẹjẹrẹ wọn ṣe ń hù níbi tí wọn kò gbé?

Ìlú Perth ní Ọsirélíà ni ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1979, Robin Warren, dókítà tó ń wo ẹran lábẹ́ maikirosíkópù, ń rí bakitéríà tó lọ́ kọ́rọkọ̀rọ lórí awọ àpòlúkù àwọn aláìsàn. Òun àti dókítà kan tó ń jẹ́ Barry Marshall gbìyànjú láti gbìn ín nínú àwo, kò hù. Ọjọ́ méjì ni wọ́n máa ń dúró kí wọ́n tó da àwo nù. Nígbà ìsinmi Àjíǹde ọdún 1982, wọ́n fi àwo kan sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kòkòrò náà sì hù. Aláfara ni, ọjọ́ méjì kò tó o! Nígbà tí àwọn èèyàn kò fẹ́ gbà gbọ́, Marshall fúnra rẹ̀ gbé kòkòrò náà mu ní 1984, inú rẹ̀ sì wú, ó ń bì. Ní 2005 ni wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Kòkòrò yẹn ni H. pylori.

Ẹ wá wo bó ṣe kàn wá. Bí H. pylori bá wọ inú àpòlúkù, ara á rán àwọn ọmọ ogun síbẹ̀. Kòkòrò kò kú, ọmọ ogun kò sì padà sílé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀kan nínú wọn lè ya pòkíì, kó bẹ̀rẹ̀ sí í bí ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ní 1983, Peter Isaacson àti Dennis Wright ṣàpèjúwe lìmfómà MALT. Ní 1991, ikọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí Andrew Wotherspoon ṣáájú rí H. pylori lára ẹni 92 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní i. Ní 1993 ni wọ́n sọ èyí tó ya gbogbo ayé lẹ́nu: wọ́n fún aláìsàn mẹ́fà ní oògùn apakòkòrò nìkan, lìmfómà sì poora lára àwọn márùn-ún. Oògùn apakòkòrò, lórí jẹjẹrẹ!

Ṣé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni? Àkójọ ìwádìí àgbáyé kan tó jáde ní 2017 fojú bù ú pé nǹkan bí 88 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ló gbé kòkòrò yìí. Díẹ̀ kínún nínú wọn ni yóò ní lìmfómà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kí yàrá ẹńdóskópì wa má ṣe bíi pé àlejò tó jìnnà ni.

Kí ẹ̀rọ tó wọlé

Ẹ̀yin ará ìlú, tiyín rèé. Ibí yìí ni àyẹ̀wò ti máa ń bàjẹ́ kí dókítà tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Inú ríro lókè ìdodo, kí oúnjẹ díẹ̀ máa yóni, èébì, kí ara máa rù, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà: èwo ni a kò pè ní ulcer níbẹ̀? Kẹ́míìsì ló kàn. Omeprazole lónìí, Flagyl lọ́la, àgbo ní ọ̀túnla. Nígbà tí ẹ bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, omeprazole ti jẹ́ kí H. pylori sá pamọ́, apakòkòrò ti pa á kú ààbọ̀, ọgbẹ́ ti di lójú, ohun tó wà nísàlẹ̀ sì ń bẹ níbẹ̀. Nítorí náà, tí dókítà yín bá fọwọ́ sí i, ẹ dá omeprazole àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó wá, kí ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ lo apakòkòrò gbẹ̀yìn. Ẹni tí inú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀: kó má dá nǹkan kan dúró, kó máa bọ̀ nílé ìwòsàn kíákíá.

Èyí tó tún burú jù ni dexamethasone àti prednisolone. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń rà á kí wọ́n lè sanra. Oògùn wọ̀nyí máa ń pa sẹ́ẹ̀lì lìmfómà fún ìgbà díẹ̀. Kókó á rọ̀, ẹran tí a gé á ṣófo, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ á tún padà wá. Tí ẹ bá ti lò ó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ. A kò ní bá yín jà.

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, kò gbọdọ̀ sí oúnjẹ líle fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, omi lásán sì lè wọlé títí di wákàtí méjì sí i. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ fún aláìsàn ní simethicone nínú omi bí 100 mílí, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ṣáájú, kó lè tú ìfófòó ká. Ìfófòó lè bo ojú kan tó tó éékánná mọ́lẹ̀, lìmfómà tó ń bẹ̀rẹ̀ kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn.

Ohun tí ojú ń rí, àti ohun tó ń tan ojú jẹ

A ti dé ibi tó dùn. Adenocarcinoma ń hù lójú awọ, nítorí náà ó sábà máa ń fi ara hàn lójú awọ. Lìmfómà ń gbé abẹ́ awọ, bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà nígbà tí ọ̀dà ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Ohun tí kámẹ́rà ń rí ni ohun tó ṣẹ́kù lókè.

Nítorí náà, ẹ má kánjú. Àwọn oníṣègùn inú ní Brítéènì dámọ̀ràn pé kí a lo ìṣẹ́jú méje ó kéré tán nínú àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ẹ fọ awọ mọ́, ẹ fa omi jáde, kí ẹ tó wò. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àpòlúkù, ẹ wo ara rẹ̀, ẹ yí orí ẹ̀rọ padà kó wo òkè àti ẹnu ọ̀nà ọ̀fun láti ẹ̀yìn. Ẹ wọ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré pẹ̀lú. Ẹ ya fọ́tò ibi kọ̀ọ̀kan. Lìmfómà kì í sábà jókòó síbì kan. Ó lè wà ní ojú mẹ́ta, mẹ́rin, kí awọ tó dára sì wà láàárín wọn.

Kí la máa ń rí? Nígbà mìíràn, pípọ́n lásán, bí ẹni tí inú rẹ̀ kàn gbóná. Nígbà mìíràn, ojú kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, tó funfun ju àyíká rẹ̀ lọ, tó sì jìn díẹ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú bíbó àti ọgbẹ́ tí kò jìn, tí etí wọn ń rìn ségesège bí ààlà orí àwòrán ilẹ̀. Ọgbẹ́ inú lásán sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì, etí rẹ̀ á sì yípo dáadáa. Tí ẹ bá rí ọgbẹ́ mẹ́fà tí ìrísí wọn kò bára mu, ẹ dúró. Nígbà mìíràn, kókó wẹẹrẹ tò jọ lórí awọ bí òkúta tí wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà. Nígbà mìíràn, ìṣẹ́po awọ wú, ó nípọn. Ti DLBCL sì sábà máa ń jẹ́ ọgbẹ́ ńlá tó jìn, tí etí rẹ̀ ga tó sì rọ̀, tí awọ tó bo etí náà ṣì ń dán títí dé ẹnu ọgbẹ́. Nínú adenocarcinoma, etí ọgbẹ́ sábà máa ń rí jágajàga, awọ ibẹ̀ gan-an ti bàjẹ́.

Ṣé ẹ rí i pé kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tó jẹ́ ti lìmfómà nìkan? Kò sí bí ọ̀bọ ṣe ṣorí tí ìnàkí ò ṣe. Ìwú lásán láti ọwọ́ H. pylori ń ṣe é. Ikọ́ fée (TB) inú ikùn ń ṣe é. Àìsàn Ménétrier ń mú ìṣẹ́po wú.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ fi ọwọ́ ṣe, kì í ṣe ojú. Tí ẹ bá rí ìṣẹ́po tó nípọn, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i dáadáa, kí ẹ sì fà á jáde, kí ẹ tún fẹ́ ẹ. Oríṣi adenocarcinoma kan wà tó ń yọ́ rìn nínú odi àpòlúkù. Òun máa ń fa iṣan líle bí àpá sínú odi náà, àpòlúkù á gan, kò ní gbà láti fẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì lìmfómà kàn ń há ara wọn sáàárín ni, wọn kì í sábà mú àpá líle wá. Nítorí náà ìṣẹ́po lè tóbi bí ìka, síbẹ̀ kí àpòlúkù ṣì máa fẹ̀ tí a bá fẹ́ ẹ. Ìṣẹ́po ńlá nínú àpòlúkù tó ṣì rọ̀: ẹ fura sí lìmfómà. Kì í ṣe ẹ̀rí o, ìfura ni.

Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ní ìmọ́lẹ̀ NBI, èyí tó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn kedere, tó sì lè sọ nǹkan di ńlá, kó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ níbi tí àwọ̀ ti ṣí. Ihò wẹẹrẹ tó yẹ kó wà lójú awọ á ti parẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ á sì yà sọ́tùn-ún sósì bí ẹ̀ka igi. Japan ni wọ́n ti ṣàpèjúwe ìrísí yìí. Ó wúlò láti fi mọ ibi tí ẹ̀mú tí a fi ń gé ẹran yóò bọ́ sí. Ẹni tí kò ní i kò pàdánù púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ẹ̀mú àti sùúrù ṣe pàtàkì ju ìmọ́lẹ̀ olówó ńlá lọ.

Gígé: ibi tí a ti ń jáwé olúborí tàbí tí a ti ń kùnà

Ègé méjì tí a sáré gé láti ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ kò tó. Mo tún un sọ: ègé méjì kò tó. Kí ẹ gé mẹ́wàá ó kéré tán láti ara ohun tí ẹ rí. Lẹ́yìn náà, ẹ gé láti ibi tó dà bíi pé kò sí nǹkan: ìsàlẹ̀ àpòlúkù, ara rẹ̀, òkè rẹ̀, ibi tí ọ̀nà ọ̀fun ti pàdé rẹ̀, àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré. Kí ni a fẹ́ fi ẹran awọ tó dára ṣe? Ohun mẹ́ta. Lìmfómà lè ti wà níbẹ̀ láìfi ara hàn. H. pylori lè ti sá kúrò níbi tó ti bàjẹ́ lọ síbi tó dára. DLBCL sì lè wà ní ìhà kejì MALT, bí mo ṣe wí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó gé apá kan ṣoṣo á wo èyí tó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, á sì fi èyí tó ń sáré sílẹ̀.

Níbi ọgbẹ́, ẹ gé etí rẹ̀ láti inú, kí ẹ gé ìdí rẹ̀ díẹ̀. Àárín ọgbẹ́ nìkan, òkú ẹran lẹ máa kó jáde. Níbi ìṣẹ́po tó nípọn tí awọ rẹ̀ ń dán, ẹ̀mú lásán á kàn máa họ òkè ni. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ gé, kí ẹ tún fi ẹ̀mú padà sínú ihò kan náà, ìgbà mẹ́ta, ìgbà mẹ́rin, kí ẹ lè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀mú ńlá wà tó ń gé jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kò lè gba ihò 2.8 mílímítà tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wa kọjá. Ó ń fẹ́ 3.2 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ihò ẹ̀rọ yín kí ẹ tó ra ẹ̀mú. Tí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣeé ṣe, a lè fi okùn onína gé abala ìṣẹ́po náà odindi, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Gbogbo èyí lè mú ẹ̀jẹ̀ wá, nítorí náà kí ẹ ti mọ bí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ṣe ń dì, àti oògùn tó ń lò, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìgò àti lórí fọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ọwọ́ yín ni èyí wà. Sẹ́ẹ̀lì lìmfómà ẹlẹgẹ́ ni. Tí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ ha ègé kúrò lẹ́nu ẹ̀mú tipátipá, ó máa fọ́, kò sì sí ẹni tó lè kà á mọ́. Ẹ gbọ̀n ọ́n sínú omi ìgò wọ́ọ́rọ́. Fọ́málíìnì 10% tí wọ́n ti fi èròjà dẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi omi ẹ̀rọ pò lẹ́yìnkùlé. Ìyẹn máa ń ba àyẹ̀wò àwọ̀ tó ń bọ̀ jẹ́, èyí tí wọ́n fi ń kun sẹ́ẹ̀lì láti mọ irú èyí tó jẹ́. Kí fọ́málíìnì náà tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Ibi kọ̀ọ̀kan, ìgò tirẹ̀, orúkọ ibẹ̀ lára ìgò, kì í ṣe lórí ìdérí, nítorí ìdérí máa ń pààrọ̀ ara wọn.

Ẹ̀yin dókítà, ẹ kọ "mo fura sí lìmfómà" sórí fọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Tí ẹ kò bá kọ ọ́, ẹni tó wà nídìí maikirosíkópù lè rí sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó pọ̀, kó kọ "ìwú àpòlúkù", kó sì lọ jẹun. Kò ṣẹ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́, á mọ̀ pé kí òun wá ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ya wọ inú kòǹga awọ tó ń bà á jẹ́, á sì ṣe àyẹ̀wò àwọ̀ fún àwọn àmì ara sẹ́ẹ̀lì: CD20, CD3, CD5, CD10, cyclin D1, Ki-67. Níbi tí agbára bá wà, á wo bóyá krómósómù 11 àti 18 ti pààrọ̀ ègé ara wọn, nítorí pé ẹni tó bá ní pàṣípààrọ̀ yẹn, oògùn apakòkòrò kì í sábà ràn án.

Èsì dé, ó ní kò sí nǹkan

Ẹ wá mú ìwé tí ẹ gbé dání jáde.

Ohun tí a rí burú, ìwé ní "ìwú lásán". Kí la máa ṣe? Ọ̀pọ̀ á yọ̀, wọ́n á dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ó parí. Ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì parí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tí ojú àti ìwé kò bá bára mu, ìwé ni a kọ́kọ́ ń bi léèrè: ègé mélòó ni wọ́n gé? Ṣé ó dé ìsàlẹ̀? Ṣé wọ́n ṣe àyẹ̀wò àwọ̀? Tí ìdáhùn bá jẹ́ "ègé méjì, rárá, rárá", a máa tún ẹ̀rọ tì wọlé. Níbi tí wọ́n bá ti ní ẹńdóskópì tó gbé skáànù lórí, a máa fi wọn odi àpòlúkù. Odi tó dá kò ju nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Tó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀, pàápàá ní ìpele kejì àti ìkẹta, ẹ lọ gé ibẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé lìmfómà ni? Èyí kì í ṣe iṣẹ́ mi lónìí, mo máa sáré kọjá. Kí wọ́n ya àwòrán àyà àti ikùn láti mọ ibi tó dé, kí wọ́n yẹ HIV wò, kí wọ́n sì yẹ hẹpatáítìsì B wò láìyẹ̀, nítorí pé ó wọ́pọ̀ níbí, oògùn lìmfómà kan, rituximab, tí wọ́n lè lò sì lè jí i dìde kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. DLBCL ń fẹ́ kẹ́mò pẹ̀lú rituximab. MALT tí kò tíì jáde kúrò nínú àpòlúkù, oògùn H. pylori la kọ́kọ́ ń fún un, ọjọ́ 14. Níbí, kòkòrò náà ti mọ Flagyl lójú, ẹ yan oògùn pẹ̀lú ọgbọ́n. Ní nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin, lìmfómà á lọ. Àwọn tó kù, ìtànṣán tàbí rituximab wà fún wọn.

Ṣùgbọ́n kì í lọ lọ́jọ́ kan, ibí yìí ni ìkánjú tún ti ń ba nǹkan jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn oògùn, àyẹ̀wò èémí láti mọ̀ bóyá kòkòrò ti kú. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹ̀rọ á tún wọlé, ègé á tún jáde, láti àwọn ibi kan náà tó wà nínú fọ́tò àkọ́kọ́. Ẹ rí ìdí tí fọ́tò fi wúlò. Sẹ́ẹ̀lì tó kù lábẹ́ maikirosíkópù lè pẹ́ tó ọdún kan, àní ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó tán. Tí kò bá ti burú sí i, sùúrù ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe kẹ́mò. Lẹ́yìn tó bá sì ti lọ, ẹ̀rọ á ṣì máa wọlé lọ́dọọdún, nítorí pé àpòlúkù tó ti ní MALT rí wà nínú ewu adenocarcinoma ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ẹ gba ẹ̀dà èsì yín àti fọ́tò náà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, kí ẹ tọ́jú wọn sínú fáìlì kan, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n tọ́jú ẹran tí wọ́n fi ìda dì (paraffin block), torí òun ni a máa fi ṣe àyẹ̀wò tó bá kù. Ẹ ṣeun, ẹ kú àfetísí. Ìbéèrè yá. Ìyá tó nawọ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ nawọ́, Mà.